Bí a ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì oníná sí kẹ̀kẹ́ ológeere

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó jáde nílé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi tí à ń lọ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kò jìnnà: ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọjà, Ṣáṣá, Òjòó. Kẹ̀kẹ́ ológeere tó gbé èèyàn débẹ̀, àfi pé ilẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ a máa tán èèyàn lókun. Ẹ́ńjìnnì oníná kékeré lè bá wa gun òkè náà. Ẹni tó bá ti lè yọ táyà kẹ̀kẹ́, tó sì lè fi sípánà de nọ́ọ̀tì, lè so ó fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ohun kan ni ká fi sọ́kàn: ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró la ó kọ́kọ́ tọ́jú, ká tó kan ohun tó ń mú un sáré.

Irú èyí tí a ó so ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú, 36V, 350W, pẹ̀lú bátìrì 36V, 10Ah. Nínú páálí rẹ̀, ká rí ẹsẹ̀ náà, kọ̀ntírólà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tírótù tí a ń yí bíi ti ọ̀kadà, ọwọ́ bíréékì méjì tó ní wáyà, bátìrì àti ṣájà rẹ̀. Bí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní torque arm kò bá sí níbẹ̀, ká rà á lọ́tọ̀. Irinṣẹ́ wa ni sípánà 15 àti 18, Allen key 4 àti 5, sukudiráfà, fáìlì, tépù ìwọnǹkan, òòfà kékeré, cable tie, tépù dúdú àti míta tí àwọn rẹwáyà ń lò.

1. Bíréékì ló ṣáájú. Bí ilà ara rọ́bà bíréékì bá ti jẹ tán, ká pààrọ̀ rẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá ti ń tú fọ́nrán, ká pààrọ̀ òun náà. Ká wá tẹ bíréékì iwájú pinpin, ká ti kẹ̀kẹ́ síwájú: ẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó gbé nílẹ̀, kì í ṣe kí ẹsẹ̀ iwájú máa yí lọ. Bó bá jẹ́ bíréékì onídíìsì ni, ẹsẹ̀ tuntun tí a ó rà gbọ́dọ̀ ní ihò mẹ́fà tí a ó fi de díìsì náà.

2. Ká wọn kẹ̀kẹ́ kó tó di pé a náwó. Ká ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà: bó bá jẹ́ 26 x 1.95, ẹsẹ̀ ínṣì 26 la ó rà. Ká yọ ẹsẹ̀ iwájú, ká wọn àlàfo tó wà láàárín apá méjèèjì fóòkì, níbi tí ọ̀pá ẹsẹ̀ ń wọ̀: mílímítà 100 ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ká fi òòfà kan ibẹ̀ gan-an. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, ó dára. Bó bá já bọ́, kì í ṣe irin, a sì máa ń rí irú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀. Irú fóòkì bẹ́ẹ̀ lè kán lójijì, kó má tilẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀. Ká wá fóòkì irin rọ́pò rẹ̀.

3. Ká gbé táyà àti tíúbù sórí ẹsẹ̀ tuntun. Ká kọ́kọ́ rí i pé rọ́bà tó ń bo orí sípóòkù nínú ríìmù wà níbẹ̀, kí sípóòkù má lu tíúbù. Ká máa fún sípóòkù pọ̀ ní méjì-méjì yí ẹsẹ̀ náà ká. Èyí tó bá dẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ká jẹ́ kí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá wa fún un.

4. Ibí yìí ni ká ti ṣe sùúrù jù. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ní ojú pẹlẹbẹ méjì, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀ ihò fóòkì. Bí ihò náà bá há, ká fi fáìlì rin ín díẹ̀díẹ̀ lọ́gbọọgba, ká sì dúró ní gẹ́rẹ́ tó bá ti wọlé. Ká kọjú ibi tí wáyà ti jáde sísàlẹ̀. Ká fi wáṣà elétí sí i, kí etí rẹ̀ wọ ihò fóòkì, ká fi torque arm lé e, ká dè é mọ́ fóòkì, ká wá fi sípánà 18 fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún àti tòsì dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ẹsẹ̀ síwájú, ṣe ló ń ti ọ̀pá sẹ́yìn. Ọ̀pá tí a kò bá dè le yóò yí, yóò já wáyà ara rẹ̀, yóò sì bọ́ kúrò nínú fóòkì.

5. Ká da omi ọṣẹ sábẹ́ rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká yọ ọwọ́ bíréékì àtijọ́, ká fi tuntun sí i, ká so wáyà bíréékì mọ́ ọn, ká fi tírótù sápá ọ̀tún. Ká fi àlàfo bíi mílímítà 2 sílẹ̀ láàárín tírótù àti rọ́bà, kó má baà há. Bí a bá yí i tí a sì fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kíá.

6. Bí ihò méjì tí wọ́n fi ń de ìkòkò omi bá wà lára irin kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ká fi Allen key 4 de àkámọ́ bátìrì sí. Bí kò bá sí, ká dè é mọ́ kẹ́ríà ẹ̀yìn kó má mì. Ká fi kọ̀ntírólà síbi tí atẹ́gùn ti lè kàn án, kí ẹnu wáyà rẹ̀ kọjú sílẹ̀.

7. Ká so wáyà, ṣùgbọ́n bátìrì ló kẹ́yìn. Àwọ̀ kan náà, ìrísí kan náà ló ń wọra wọn. Níbi tí ọfà bá wà, kí ọfà kọjú sí ọfà. Bí kò bá wọlé, ká má fipá tì í, torí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yóò tẹ̀. Ká yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì títí dópin ká tó fi cable tie dè wọ́n, kí wáyà kankan má fà. Ká fi míta wo bátìrì: bó bá kún, yóò sún mọ́ 42V. Ká wá so ó, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí iná bá ṣẹ́ pàrà lẹ́ẹ̀kan, kò léwu.

8. Ká gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, ká tan án, ká yí tírótù díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí sẹ́yìn, a gbé e sódì nìyẹn, ká tú u. Bó bá ń yí síwájú, ká tẹ bíréékì ọ̀tún: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún tòsì. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀, ká má gùn ún rárá.

9. Pápá tó tẹ́jú la ó ti kọ́kọ́ gùn ún, kì í ṣe ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí tírélà ń gbà. Ká dé akoto. Ká fi ẹsẹ̀ wa gbéra ná, ká tó rọra yí tírótù. Lórí òkè, ká máa bá a wa ẹsẹ̀. Bí a bá dókè, ká sọ̀ kalẹ̀, ká fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì: bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ká jẹ́ kó sinmi.

10. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 5, ká tún fún nọ́ọ̀tì méjèèjì, ká sì yẹ torque arm àti sípóòkù wò. Irin tuntun a máa jókòó sáyè rẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀.

Bátìrì yìí lè gbé wa tó kìlómítà 20 sí 25 bí a bá ń bá a wa ẹsẹ̀. Ṣájà 2A yóò gbà tó wákàtí márùn-ún kó tó kún un. Ṣájà tirẹ̀ nìkan ni ká lò. Bátìrì tó bá tutù látinú òjò, ká jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó bá gbóná, ká jẹ́ kó tutù ká tó ṣájì rẹ̀. Ká má ṣájì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lẹ́nu ọ̀nà tí a ó gbà sá jáde, ká má sì sùn lọ nígbà tó bá wà lórí iná. Bí iná ìjọba bá ń lọ sókè sódò, ká yọ ọ́. Bátìrì tó bá wú tàbí tó bá ń rùn ti kúrò ní nǹkan ìlò. Ká gbé e síta jìnnà sílé, ká má sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú u wò.