Ìwọ̀n Àpèlé àti Ìdábùú: Ìperí fún Páìpù àti Ẹ̀rọ Ìfami Àpótí Ẹja

1. Ìfáárà

Ó rọrùn fún ògbufọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìwọ̀n", pe nǹkan mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra lára páìpù: fífẹ̀ ihò rẹ̀, fífẹ̀ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tà á lọ́jà. Níbi àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí, àṣìṣe yìí kì í ṣe ti èdè nìkan. Bí páìpù kò bá bá ẹ̀rọ mu, omi tí ń gba inú asẹ́ kọjá yóò dín kù, ẹ̀gbin yóò pọ̀ nínú omi, ẹja yóò sì kú. Orúkọ mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá.

2. Ìwọ̀n mẹ́ta

Ìdábùú ni ìlà tí ó gba àárín róbótó kọjá láti etí kan dé èkejì.

(i) Ìdábùú inú: fífẹ̀ ihò. Òun ni ó ń pinnu bí omi yóò ṣe kọjá. Òun náà ni wọ́n fi ń pe rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń ki bọ ẹnu ẹ̀rọ.

(ii) Ìdábùú ìta: fífẹ̀ gbogbo ara páìpù. Òun ni ó ń pinnu bóyá páìpù yóò wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Páìpù PVC tí wọ́n pè ní 25 mm, ìta rẹ̀ ni ó jẹ́ 25 mm.

(iii) Ìwọ̀n àpèlé: nọ́ńbà tí ó jẹ́ orúkọ lásán. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni páìpù PVC ti Amẹ́ríkà, irú Schedule 40:

Àpèlé ½ ínṣì: ìta 21.3 mm, inú bí 15.8 mm
Àpèlé ¾ ínṣì: ìta 26.7 mm, inú bí 20.9 mm
Àpèlé 1 ínṣì: ìta 33.4 mm, inú bí 26.6 mm

Ìlàjì ínṣì gan-an jẹ́ 12.7 mm, ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan lára páìpù àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ ṣírò ìwọ̀n àpèlé di mìlímítà. Ẹni tí ó bá kọ 19 mm dípò ¾ ínṣì ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ẹni tí ó bá sì fi 25 mm rọ́pò rẹ̀ yóò rí i pé páìpù náà kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì mu.

3. Ìbámu pẹ̀lú ẹ̀rọ

Iye lítà fún wákàtí kan tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìfami sábà máa ń jẹ́ ìṣàn rẹ̀ nígbà tí kò gbé omi sókè rárá. Bí gíga ìgbómisókè bá ti ń pọ̀ ni ìṣàn ń dín kù, títí omi kò fi ní jáde mọ́. Páìpù tóóró, ọ̀nà jíjìn àti ìgbọ̀nwọ́ púpọ̀ tún ń dín in kù. Bí ìdábùú inú bá di ìdajì, fífẹ̀ ojú ihò yóò di ìdá mẹ́rin péré. Kí ìṣàn má baà yí padà, omi gbọ́dọ̀ sáré ní ìlọ́po mẹ́rin.

Páìpù ìfàwọlé kò gbọdọ̀ tóóró ju ẹnu ẹ̀rọ lọ. Bí ó bá pọn dandan láti dín ìṣàn kù, ọ̀nà àbájáde ni kí wọ́n ti dín in.

Fún ibi tí akọ ti ń lọ́ wọ abo, "ìlà ìlọ́" ni orúkọ tí ó yẹ. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀, BSP àti NPT. Ní ½ àti ¾ ínṣì, méjèèjì ní ìlà 14 nínú ínṣì kan, ṣùgbọ́n igun ìlà BSP jẹ́ 55°, ti NPT sì jẹ́ 60°. Akọ ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ abo èkejì, kí ó sì máa jò.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí èlírí. Ìdábùú ìta páìpù ni kí olùkọ́ fi wé ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdábùú inú ni kí ó fi wé ìṣàn, kí ó sì fi ìwọ̀n àpèlé sílẹ̀ fún ọjà.