Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ọmọ SS3 ní Ọ̀fàdà: Ẹ Lapa Èrò Kí Ẹ Tó Kọ Àròkọ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tó wà ní SS3 ní Ọ̀fàdà àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ó kan àwọn òbí wọn, ó sì kan àwa tí à ń kọ́ wọn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú híhá àròkọ sórí. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ, tí àròkọ tí ẹlòmíì ti kọ tán kún inú wọn bámúbámú, ń kó ọ̀pọ̀ wọn sí wàhálà nínú họ́ọ̀lù ìdánwò. Ọmọ á há “Àǹfààní Iṣẹ́ Àgbẹ̀” sórí látòkè délẹ̀, ìbéèrè á ní kó sọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá fún iṣẹ́ àgbẹ̀, òun á sì da gbogbo àǹfààní tó há sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ó kọ ọ́ dáadáa, sípẹ́lì rẹ̀ pé, àmọ́ kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Lemọ́lemọ́ ni ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC ń mẹ́nu ba àṣà yìí, síbẹ̀ àwọn tó ń ta ìwé náà kò yé tà á, àwọn òbí kò sì yé rà á.

Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín máàkì àròkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Pépà Kejì nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC gba wákàtí méjì, máàkì 100 ló sì wà lórí rẹ̀. Àròkọ nìkan kó 50 nínú 100 yìí. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, ọmọ á mú ọ̀kan péré, ohun tó bá kọ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450, wọ́n sì ń gbà á nímọ̀ràn pé kó lo ìṣẹ́jú 50 lórí rẹ̀. Olùyẹ̀wò á wá pín máàkì 50 yẹn sọ́nà mẹ́rin: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí ọmọ ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìdánudúró. Nínú 10 tó gbẹ̀yìn yìí, ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń kó lọ.

Ẹ tún wo méjì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Kókó ọ̀rọ̀ àti ètò, máàkì 20 lápapọ̀, orí ohun tí ọmọ rò kí ó tó kọ gbólóhùn kìíní ni wọ́n dúró lé. Ìyókù gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ á máa tún ohun kan náà sọ, á máa fa gbólóhùn gùn kí ó ṣáà lè pé 450, àṣìṣe á sì máa pọ̀ sí i bí ó ṣe ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, ká jọ ṣe é. Ká ní wọ́n sọ pé: kọ àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn kan lórí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ àgbègbè rẹ fi ń sá fún iṣẹ́ àgbẹ̀, kí o sì dábàá ohun tí ìjọba lè ṣe. Kí ọmọ kọ́kọ́ fàlà sábẹ́ àpilẹ̀kọ, ìdí, àgbègbè rẹ, àti ohun tí ìjọba lè ṣe. Nítorí pé àpilẹ̀kọ ni, ó gbọ́dọ̀ ní àkọlé, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ sì wà nísàlẹ̀. Nítorí pé àgbègbè rẹ̀ ni wọ́n bèèrè, kò níṣẹ́ pẹ̀lú àgbẹ̀ tí kò rí rí. Apá méjì sì ni ìbéèrè náà ní. Ẹni tó bá sọ ìdí tán tó sùn síbẹ̀ ti fi apá kan sílẹ̀ láìdáhùn.

Kí ó wá ṣí ojú ewé kan nínú ìwé ìdáhùn, kí ó da gbogbo ohun tó bá wá sí i lọ́kàn síbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọmọ Ọ̀fàdà kò lè sọ pé òun kò rí nǹkan sọ lórí èyí. Ìrẹsì tó gbé orúkọ ìlú yìí dé Èkó àti òkè òkun wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń lé ẹyẹ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìrẹsì bá ń gbó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kórè, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, àti bí òkúta ṣe ń wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n sá a sí. Ó mọ ọ̀nà oko tí ọlọ́kọ̀ kì í fẹ́ gbà lásìkò òjò. Ó ti rí ilẹ̀ oko tí wọ́n gé sí púlọ́ọ̀tì tà lọ́nà Mówè. Ó mọ ọmọkùnrin àdúgbò tó ń gun ọ̀kadà, nítorí pé owó ọ̀kadà ń wọlé lójúmọ́ nígbà tí ti ìrẹsì ń dúró de ìkórè. Ohun tó wà lórí ewé yẹn ti ju ohun tí àròkọ kan gbà lọ.

Yíyàn ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gan-an wà. Òkúta inú ìrẹsì dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń lé ọ̀dọ́ kúrò lóko, kí ó fagi lé e. Bí wọ́n ṣe ń bọ ìrẹsì, kí ó fagi lé ìyẹn náà. Lílé ẹyẹ àti fífọwọ́ kórè á para pọ̀ di ìdí kan: làálàá láìsí ẹ̀rọ. Owó tó ń pẹ́ wọlé ni ìdí kejì. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ni ìkẹta, mo sì gbà pé òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí òun ló le jù: a lè ra ẹ̀rọ, a lè yá owó, ilẹ̀ tí ilé ti bo kò ṣe é gbin ìrẹsì sí mọ́. Ohun tí ìjọba lè ṣe á wá máa tẹ̀ lé ìdí wọ̀nyí ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìkórè tí àgbẹ̀ lè háyà fún ti làálàá, owó yíyá tí wọn kò ní bèèrè kí ìkórè tó dé fún ti owó, òfin tó ya ilẹ̀ oko sọ́tọ̀ fún ti ilẹ̀. Àtúnṣe ọ̀nà oko tó bàjẹ́ náà lè bọ́ sí abẹ́ ti làálàá bí àyè bá wà. Bí àtúnṣe kan kò bá ní ìdí tó ń dá lóhùn, kí ó yọ ọ́ kúrò.

Ìlà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ á gbà lórí ewé, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ni ìpínrọ̀ kan. Bí ìfáárà bá gba ọ̀rọ̀ 55, tí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 80, 80, 80, tí apá ti ìjọba gba 100, tí ìgúnlẹ̀ gba 55, ó di 450 géérégé. Kò dìgbà tí ọmọ bá ń ka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ nínú họ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú 10 ni ìrònú àti ìlapa yìí yẹ kó gbà, 35 fún kíkọ, 5 fún kíkà á lẹ́ẹ̀kejì láti wá àṣìṣe tó ń jẹ máàkì. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 10 yẹn máa ń ba ọmọ lẹ́rù, nígbà tó bá rí i pé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kọ ìdajì ojú ewé. Kí ó má wò ó.

Ìlapa èrò tí tíṣà Yorùbá ti ń kọ́ wọn láti JSS náà rèé. Ó ń dùn mí pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe fún àròkọ Yorùbá, bí ó bá ti wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, a máa gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń fún ìlapa ní máàkì, ẹ lè fi Yorùbá ṣe é, ẹ lè fi ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá ṣe é, bí èrò yín yóò bá tètè jáde. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ fa ìlà dá a kọjá kí ó hàn pé kì í ṣe ara ìdáhùn. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ẹ má tú gbólóhùn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Kókó ni kí ẹ kó wá láti inú ìlapa, kí ẹ sì kọ gbólóhùn rẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́.

Irú àròkọ tún ní òfin tirẹ̀, abẹ́ ètò ni wọ́n sì ń wò ó. Lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ ń fẹ́ àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé, ìparí, ìfọwọ́sí àti orúkọ ní kíkún; lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ kò fẹ́ ju àdírẹ́sì ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ àsọyé ń fẹ́ kí a kí àwọn tó jókòó. Àpilẹ̀kọ ìwé ìròyìn ni kò yẹ kó jẹ́ àjèjì sí ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá rárá, torí Abẹ́òkúta ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859.

Mo fẹ́ kí àwọn tó gbójú lé ẹ̀sípò, ìyẹn ìbéèrè tàbí ìdáhùn tó jò síta, gbọ́ èyí náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Pépà Kejì Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kí ó tó dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ kan sì fi iná tọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ lálẹ́. WAEC tọrọ àforíjì, wọ́n ní akitiyan àwọn láti má jẹ́ kí ìbéèrè jò síta ló fà á. Nínú àwọn iṣẹ́ kan, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà lára wọn, wọ́n tún ti ń fún àwọn tó jókòó tira ní ìbéèrè tó yàtọ̀ síra. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù Kẹjọ, 38.32% ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò; wọ́n rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n tún un ṣe, ó sì di 62.96%. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ó ṣì lé ní ẹnì kan nínú mẹ́ta tí kò rí i gbà. Ẹni tó ń dúró de ìdáhùn lórí fóònù ní irú alẹ́ tọ́ọ̀ṣì yẹn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má san owó tí wọ́n bá ní ẹ mú wá láti fi ran ọmọ yín lọ́wọ́ nínú họ́ọ̀lù. Òfin tó lòdì sí màgòmágó ìdánwò ti wà láti 1999, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ni pé kí a dín iye àròkọ tí à ń ní kí ọmọ kọ délẹ̀ kù, kí a máa gba ìlapa lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà, kí a sì máa yẹ ìlapa wò kí a tó gbà wọ́n láyè láti kọ. Kíláàsì kan lè ṣe ìlapa ìbéèrè mẹ́ta láàárín àkókò tí àròkọ kan yóò gbà, tíṣà á sì tètè rí ẹni tó ṣi ìbéèrè kà.

Àsìkò tí wọ́n ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì bọ́ sí táàmù kìíní, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí òjò ń pe àgbẹ̀ lọ sóko ń sún mọ́ ìdánwò fúnra rẹ̀. N kò ní kí ọmọ má ran bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ó délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó rí ìṣẹ́jú 10 lò pẹ̀lú ìbéèrè kan àti ewé ìwé kan. Òbí tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ náà lè yẹ iṣẹ́ yìí wò. Ẹ ní kí ó sọ ìbéèrè náà fún yín ní Yorùbá, kí ó sọ kókó tó fẹ́ mú wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe fẹ́ tò wọ́n. Ẹ bi í pé kí ló dé tí èyí fi ṣáájú ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rú yín lójú, ẹ ní kó padà lọ tún un tò.