Ìdí tí Orúnkún Oníkẹ̀kẹ́ Fi Ń Dùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jókòó, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún yín. Ẹ na ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì tún ká a kò. Eegun pẹlẹbẹ kan ń lọ sókè sódò lábẹ́ ọwọ́ yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ ké bí a bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìgùnkígùn.

Iṣan ńlá tó wà níwájú itan ni ó ń na ẹsẹ̀ wa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí okùn. Okùn-iṣan ni n ó máa pè é, tendon ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Okùn-iṣan yìí gba orí eegun pẹlẹbẹ náà kọjá kí ó tó lọ so mọ́ ojúgun. Ẹni tó bá ti fa omi ní kànga rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí okùn bá ṣe ṣẹ́ tó lórí etí kànga, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ tó. Bákan náà, bí orúnkún bá ṣe ká tó nígbà tí a ń fi agbára tẹ pẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni okùn-iṣan ń tẹ eegun pẹlẹbẹ mọ́ eegun itan tó.

Ìtẹ̀ ẹyọ kan kò lè pa wá lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń yí pẹ́dà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan yóò ti ká orúnkún kọ̀ọ̀kan nígbà 3,600 kí wákàtí kan tó pé. Ọmọ kíláàsì mi kan ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Mo ní kí ó gun kẹ̀kẹ́ náà kí n wò ó. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀! Ó ti sọ ìjókòó kalẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè kan ilẹ̀ bó bá dúró. Ẹ̀rù ìṣubú ló bà á, mi ò sì bá a wí.

A mú sípánà, a tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó. Ó fara ti ògiri, ó fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, a sì ń gbé ìjókòó sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi nà tán. Nígbà tó wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bó ti yẹ, orúnkún rẹ̀ ká díẹ̀. Nǹkan bí dígírì 25 sí 35 ni à ń fẹ́ níbẹ̀. Bí ìjókòó bá ga jù, ẹ̀yìn orúnkún ni yóò máa dunni, torí iṣan ẹ̀yìn itan ni à ń fà jù. Ibi tó ń dùn ló ń júwe ibi tí a ti ṣìnà.

Ọmọ náà sinmi kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń fi yìnyín tí a faṣọ wé lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún tó bá wú, tó há, tàbí tí kò gba ìwúwo ara mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Kì í ṣe orúnkún nìkan ni kẹ̀kẹ́ lè pa lára. Bí ọmọńdinrín ọwọ́ yín àti ìka tó tẹ̀lé e bá ń kú bí ẹni pé kì í ṣe tiyín, iṣan ìmọ̀lára, èyí tí wọ́n ń pè ní nerve, ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ ní ìdí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ máa pààrọ̀ ibi tí ẹ dì mú.

Ìṣubú ńkọ́? Bí ilẹ̀ bá bó wa lára, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni ká fi fọ ọgbẹ́ náà títí yanrìn yóò fi tán, nítorí yanrìn tó bá kù síbẹ̀ lè mú kí ó kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí á ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Ní 1962, olùwádìí kan, George Winter, dán èyí wò lára ẹlẹ́dẹ̀, ó sì rí i pé ọgbẹ́ tí a bò kí ó má gbẹ ni awọ tuntun yára bò jù. Orí ibi tútù ni sẹ́ẹ̀lì awọ ti ń rìn. Bí èépá bá gbẹ lé ọgbẹ́, wọ́n ní láti gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi báńdéèjì mímọ́ bò ó, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí ìdọ̀tí bá ti wọ̀ ọ́.