Iṣẹ́ àánú tó pẹ́ kó tó dé

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kan láti ilẹ̀ Íńdíà.

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ebi kì í dúró. Nítorí náà, òfin wà pé ìjọba lè gba ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ òkú síṣẹ́, láìjẹ́ pé ó bá àwọn ẹlòmíràn du ipò náà. Iṣẹ́ àánú nìyẹn.

Kí ló ń fà á tó fi ń pẹ́?

1. Àyè ò pọ̀. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nínú 100 àyè kékeré tí wọ́n fẹ́ gba èèyàn tuntun sí, 5 péré ni ti iṣẹ́ àánú.

2. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ilé òkú wò: kí ni wọ́n ní? Ọmọ mélòó ló kù láti tọ́?

3. Bí ìwé kan bá kù, gbogbo rẹ̀ á dúró.

Opó kan tọrọ iṣẹ́ ní 1982. Ó di 1989 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù tó dá a láre. Adájọ́ ní irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, torí ìyà ò ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n ní 1994, ilé ẹjọ́ kan náà ní iṣẹ́ àánú kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí èèyàn lè béèrè fún nígbàkigbà. Tí ọdún bá ti gorí ọdún, tí ilé náà ti rọ́nà gbà, iṣẹ́ náà lè bọ́. Wọ́n tún un sọ ní 2023.

Ẹ ò rí i bí? Ìdádúró tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ lè padà di ohun tí wọ́n fi ń sọ pé, "Ẹ ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí, àbí? Ẹ ò nílò rẹ̀ mọ́."

Kí la rí kọ́? Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ tètè kọ̀wé. Ẹ kó ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ pa mọ́ síbi kan náà. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí. Tí wọ́n bá ní "Ẹ padà wá lọ́la," ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kà ò ní jẹ́ kí ọ̀la di ọdún méje.

Ìbéèrè

1. Ta ni wọ́n lè fún ní iṣẹ́ àánú?
2. Ọdún mélòó ni opó náà fi dúró?
3. Ìwé wo ló wà nílé yín? Ìwé wo ni kò sí?