Ẹ Ka Lẹ́tà Owó Kí Ẹ Tó Pe Onílù: Ẹ̀kọ́ Lórí Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó fẹ́ kàwé dé PhD, àti fún ìyá, bàbá, ọkọ tàbí aya tí yóò dúró tì í.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan wá sí ìdí tábìlì ìmọ̀ràn wa níbí ní Downtown. Aṣọ iṣẹ́ alẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń bọ̀. Lẹ́tà méjì ló wà lọ́wọ́ wọn. Yunifásítì méjì ti gba ọmọ wọn fún PhD, ti àkọ́kọ́ sì ni òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù. Ìyá ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ilẹ̀ bàbá wọn tó wà ní Ìjẹ̀bú, a ti rí ẹni tó fẹ́ rà á."

Mo ka lẹ́tà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kí ọmọ kú oríire dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo wá ka ti ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Ní ìpínrọ̀ kẹta, wọ́n ní àwọn ò ní gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún 5, àwọn á sì tún máa san owó oṣù fún un. Ìyá ò tíì ka ibẹ̀. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n kà.

Mo ní, "Mà, ẹ má tíì ta ilẹ̀ o." Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló bí ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI PhD, TA LÓ SÌ Ń SANWÓ RẸ̀?

Ẹni tó ń ka BSc ń kọ́ ohun tí àwọn míì ti mọ̀. Ẹni tó ń ka PhD gbọ́dọ̀ mú ìmọ̀ tuntun wá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dúró níwájú àwọn àgbà onímọ̀ láti gbè é lẹ́yìn. Yale ló kọ́kọ́ fi oyè yìí dáni lọ́lá ní Amẹ́ríkà, ní 1861.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nìyí: ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní àwọn yunifásítì ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ PhD tún jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ń kọ́ àwọn tó ń ka BSc, tàbí kí ó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí. Nítorí iṣẹ́ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ a máa dárí owó ẹ̀kọ́ jì í, wọn a sì máa sanwó fún un. Assistantship ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ MBA àti ti ìmọ̀ òfin yàtọ̀. Àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ fi ń san ìyẹn. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ oyè EdD àti DBA tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kà ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ oyè náà dáadáa.

Nǹkan míì: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ nílò Master's kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ PhD ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń gba ẹni tó ní BSc tàbí BA nìkan. Ẹni tó bá ní HND láti ilé, kí ó tètè bèèrè, nítorí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ò kà á sí BSc.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ Du Bois

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ nílùú yìí. Ní 1892, W. E. B. Du Bois lọ sí yunifásítì Berlin ní Jámánì. Slater Fund ló rán an lọ: ìdajì owó náà jẹ́ ẹ̀bùn, ìdajì jẹ́ ẹ̀yáwó. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Berlin ní àkókò tó ti lò kò tíì pé fún oyè. Slater Fund kò fún un lówó mọ́, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní 1894 láìgba oyè Berlin. Harvard ló fún un ní PhD ní 1895, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀. Ní 1897 ó wá kọ́ni ní Atlanta University, tó dara pọ̀ mọ́ Clark College ní 1988 láti di Clark Atlanta University.

Ẹ ò rí i pé orí pípé nìkan ò tó. Owó tó bá máa gbéni lọ gbọ́dọ̀ gbéni dé òpin ọ̀nà. Harvard wà níbẹ̀ fún Du Bois láti padà sí; ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ibi méjì.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

A ò ní láti lọ jìnnà. Georgia State University wà ní àárín Downtown níbí. Ní 1913, abẹ́ Georgia Tech ló ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ìmọ̀ òwò. Georgia Tech wà ní Midtown, Emory wà lápá Druid Hills, Clark Atlanta náà ò jìnnà. Gbogbo wọn ló ń fúnni ní PhD. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní August, ọdún tó ṣáájú ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

1. Láti June: Wá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tó wù ọ́. Ka ìwé rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí i, kí o bèèrè bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tí yóò tọ́ ẹ sọ́nà ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lẹ́nu géètì lọ.

2. Láti July: Bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript rẹ láti ilé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń pẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á tún fẹ́ kí iléeṣẹ́ bíi World Education Services yẹ̀ ẹ́ wò.

3. September sí November: Bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ rẹ kí wọ́n kọ lẹ́tà fún ẹ. Fún wọn ní oṣù kan ó kéré tán. Bèèrè bóyá ẹ̀ka náà ṣì ń gba GRE; ọ̀pọ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀, àwọn kan ò tíì jáwọ́.

4. Kọ statement of purpose rẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ ìtàn ìyà tí wọ́n jẹ ní ojú ìwé kan àbọ̀, wọ́n á wá fi ìlà méjì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí. Ẹ yí i padà. Ìbéèrè wo lo fẹ́ dáhùn? Kí lo ti ṣe lórí rẹ̀? Ta ni nínú ẹ̀ka náà tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́?

5. December tàbí ìbẹ̀rẹ̀ January: Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà yìí. Bí owó fọ́ọ̀mù bá wúwo, bèèrè bóyá wọ́n lè dá a sí fún ẹ. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

6. February sí April: Ìdáhùn á máa wọlé. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn yunifásítì tó bá Council of Graduate Schools fọwọ́ sí i pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ṣáájú April 15. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń kán ẹ lójú ní March, rántí ọjọ́ yẹn.

BÍ A ṢE Ń KA LẸ́TÀ OWÓ

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi níbí. Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bi lẹ́tà náà:

Èkíní, ọdún mélòó ni owó yìí máa gbé? Èkejì, ṣé oṣù 12 ni wọ́n ń san lọ́dún, àbí oṣù 9? Ẹ̀kẹta, fíì wo ni kò sí lára owó tí wọ́n dárí jì? Ẹ̀kẹrin, ta ló ń san ìnṣọ́ránsì ìlera? Ẹ̀karùn-ún, kí ló lè mú kí wọ́n dá owó náà dúró?

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní lẹ́tà sọ $2,000 lóṣù. Ká ní fíì àti ìnṣọ́ránsì jẹ́ $4,500 lọ́dún, ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ sì jẹ́ $1,500 lóṣù, ìyẹn $18,000 lọ́dún. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ $22,500. Bí wọ́n bá ń sanwó fún oṣù 12, $24,000 ló wọlé. $1,500 ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ oṣù 9, $18,000 ló wọlé. Gbèsè $4,500 ló délẹ̀. Lẹ́tà kan náà, iye kan náà lóṣù, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ èrè, èkejì jẹ́ gbèsè. A ò sì tíì yọ owó-orí.

Nípa owó-orí: owó tí ẹ fi ń jẹun tí ẹ fi ń sanwó ilé ní owó-orí lórí. Bí wọ́n bá pè é ní fellowship, ilé-ẹ̀kọ́ lè má yọ owó-orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ. Máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí April má baà bá ẹ lójijì.

Nípa ẹ̀yáwó: ẹni tó ní green card, tàbí tí ìjọba ti gbà sílẹ̀ bí olùwá-ààbò tàbí refugee, lè bèèrè ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó wà lórí F-1 ò lè bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2025 ti fòpin sí Grad PLUS fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá owó láti July 1, 2026, ó sì fi ààlà $20,500 lọ́dún sí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ PhD, kò sì gbọdọ̀ ju $100,000 lápapọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n kan fún yín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Nípa físà: ẹni tó wà lórí F-1 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Aya tàbí ọkọ tó wà lórí F-2 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá; ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìdíwọ́ sí físà akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè kan, Tógò ní June, Nàìjíríà ní December. Bí ọmọ yín bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ náà àti lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ WỌLÉ

Ọ̀nà yìí ní ibùsọ̀, ó sì yẹ kí àwọn ará ilé mọ̀ wọ́n.

Ọdún kìíní àti ìkejì ni kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá, tí wọ́n ń pè ní comprehensive tàbí qualifying exam. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ á kó ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jọ, á sì gbé ètò ìwádìí rẹ̀ síwájú wọn. Bí wọ́n bá gbà á, ó ti di candidate nìyẹn. Bí ìwádìí rẹ̀ bá kan ènìyàn, ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ IRB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan. Ìgbà náà ni yóò ṣe ìwádìí, tí yóò kọ dissertation, tí yóò sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti gbè é lẹ́yìn.

Ibi tó léwu jù wà láàárín ìdánwò ńlá àti ìparí ìwé. Kíláàsì ti tán, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dá wà nínú yàrá. Owó á máa tán lọ. Nínú ìwádìí tí Council of Graduate Schools gbé jáde ní 2008, bíi 57 nínú 100 ló ti parí lẹ́yìn ọdún 10. Àwọn tí kò parí kì í ṣe òmùgọ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń ranni lọ́wọ́. Máa rí alábòójútó rẹ ní ọjọ́ kan pàtó, kódà bí o kò bá rí nǹkan kan kọ. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, fi ìwé ránṣẹ́ sí i nípa ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Má sì kọ̀wé nínú yàrá tí ọmọdé ti ń sunkún: Central Library wà ní Margaret Mitchell Square, Auburn Avenue Research Library, tó ṣílẹ̀kùn ní 1994, sì wà ní òpópónà Auburn. Ẹ lè wọ MARTA débẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ yé bèèrè pé "Ìgbà wo lo máa parí?" Ẹ bèèrè pé "Ibùsọ̀ wo lo wà?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń lé ọmọ wọ yàrá. Èkejì máa ń jẹ́ kó jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fi gbogbo ayẹyẹ ọ̀sẹ̀ dì í lẹ́rù; ẹni tó ń kọ ìwé yìí wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ wà nílé.

Ọmọ ìyá yẹn gba lẹ́tà kejì. Ó ti ṣe ìdánwò ńlá, ó ti yege. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ BI ARA YÍN NÍLÉ

1. Oyè wo gan-an ni lẹ́tà yìí sọ, ta ló sì máa sanwó rẹ̀ títí dé òpin?
2. Oṣù mélòó ni owó náà ń wọlé lọ́dún?
3. Ta ni alábòójútó, ṣé a sì ti bá ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀?
4. Ìrànlọ́wọ́ wo ni ará ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe ní ọdún tí kíláàsì bá tán?

Bí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ mú un wá ká jọ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.