Ẹ Má Fi Òróró CBD Wá Oorun

Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, tàbí tí ọkọ̀ gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà Awo sí Ẹdẹ, lè máa jẹun, kó máa lọ sóko, kó máa bá èèyàn ṣàwàdà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ lọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní pa dé. Bó bá sì pa dé, á tún rí ọjọ́ náà lójú àlá, á ta gìrì, òógùn á bò ó. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá: afẹ́fẹ́ tó ti ilẹ̀kùn gbàà tó láti lé oorun lọ di àárọ̀.

Irú wọn ni àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń fi ìgò kékeré ránṣẹ́ sí: òróró CBD. Kí Mọ́mì kán an sábẹ́ ahọ́n, wọ́n á sùn fọnfọn. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ara igbó ni wọ́n ti ń yọ ọ́, igbó tí òfin Nàìjíríà ti dè láti 1966, tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì ń lépa láti 1989. Ẹni tó ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú kò ní béèrè bóyá oorun ni Mọ́mì fẹ́ sùn.

Òótọ́ ni pé CBD kọ́ ló ń yí amugbó lórí, èròjà igbó mìíràn tó ń jẹ́ THC ni. Òótọ́ sì ni pé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn CBD kan, Epidiolex, ní 2018, ṣùgbọ́n irú àwọn wárápá kan ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe oorun. Ní ti ẹni tí ẹ̀rù ìjàmbá ń dà láàmú, ìwádìí kan tí wọ́n sábà ń tọ́ka sí, ti 2019, èèyàn 11 péré ló wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà ọpọlọ sì ń tọ́jú wọn lọ́wọ́. Èwo ló wá ṣiṣẹ́, òróró náà ni àbí ìtọ́jú àwọn dókítà?

Ẹ wo ìgò náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ mílígíráàmù 1,000 sára ìgò mílílítà 30, bí ẹ̀kán mẹ́fà ti tó mílígíráàmù 10. Iye yìí ni àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá má kọjá lóòjọ́, láti oṣù kẹwàá 2023. 70 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn má fẹnu kàn án. Àkọlé náà tiẹ̀ lè purọ́: nínú ọjà CBD 84 tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà ní 2017, bí 26 péré ló bá àkọlé rẹ̀ mu, THC sì wà nínú 18.

Àdàlù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá àgbà tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, CBD lè mú kí oògùn náà lágbára jù lára rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ọlọ́kadà tó fi páraga tàbí Valium lé e, tó tún gun ọ̀kadà jáde láàárọ̀, ìjàmbá kejì ló ń wá. Ẹni tó sì ní òun ó kúkú fa igbó, ṣebí bàbá kan náà ló bí wọn, kó mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá dáwọ́ dúró, àlá náà lè padà wá pẹ̀lú agbára.

Àlá burúkú ní ìtọ́jú. Ní ọ̀sán gangan, ẹni náà á sọ àlá rẹ̀ fún onímọ̀, wọ́n á jọ yí òpin rẹ̀ padà: ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rìn lọ sílé. Á wá máa fi ọkàn tún un rò lójoojúmọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN ní Òṣogbo tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ béèrè dókítà ọpọlọ. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ bẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lo òróró náà, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwòsàn ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́.