Kíka Ìrìn Ọwọ́ Nínú Àwòrán Tàdáwà

Bí ẹ bá dúró níwájú àwòrán tàdáwà tí kò jọ ènìyàn, tí kò sì jọ ẹranko, ẹ má tíì wádìí ohun tó jọ. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tàdáwà kò ṣeé parẹ́ bọ̀rọ̀, nítorí náà ó máa ń tú àṣírí ẹni tó lò ó. Níbi tó bá ti dúdú kirikiri, tí bébà sì rin, búrọ́ọ̀ṣì dúró díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìgò jáde. Níbi tí funfun bébà bá ti ń yọjú láàárín ilà, tàdáwà ti ń tán lọ, tàbí ọwọ́ sáré kọjá. Ẹ wo òpin ilà náà pẹ̀lú. Bó bá rí ṣóńṣó, ọwọ́ ṣì ń lọ nígbà tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Bó bá rí rogodo, ó dúró kó tó gbé e. Ẹ wá fi ìka tọ ilà náà nínú afẹ́fẹ́ (ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́ o!), apá yín yóò sọ fún yín bóyá ọrùn ọwọ́ ló fà á tàbí èjìká.

Bí àpẹẹrẹ, Henri Michaux, akéwì tí wọ́n bí ní Namur, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ní 1899, tẹ ìwé Mouvements jáde ní Paris ní 1951. Àwòrán tàdáwà 64 ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ewé ló ti kùn kí olóòtú rẹ̀, René Bertelé, tó ṣa ìwọ̀nyí. Ọwọ́ ló yára; ojú fara balẹ̀ ṣà.

Èyí tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti Franz Kline, ará Amẹ́ríkà, tó pàtẹ àwọn àwòrán ọlọ́dà rẹ̀ ní New York ní 1950. Ilà dúdú gbàǹgbà-gbàǹgbà lórí funfun, bí ìgbà tí ẹni inú ń bí gbá ògiri. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ti kọ́kọ́ fi tàdáwà yà ní kékeré, nígbà mìíràn sórí ewé ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, kó tó tún un kùn sórí kánfáàsì ńlá. Funfun ọ̀hún pàápàá, ọ̀dà ni. Èmi ò pe ìyẹn ní ẹ̀tàn: ohun tí ọwọ́ ṣàdédé rí lórí ewé kékeré ni kò fẹ́ kó sọnù. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé ilà kan yára; a ò lè tìdí rẹ̀ sọ pé inú ń bí ẹni tó fà á.

Ẹ fa ilà kan kíákíá, kí ẹ sì fara balẹ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹlòmíràn wá sọ èwo ni èwo.